Ta Ló Wọ Oko Ta? Ọ̀rọ̀ Erin àti Àgbẹ̀ Nínú Igbó Omo

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ilé ìpàdé tá a fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ erin ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ló pa ará Utako pọ̀ mọ́ erin, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ilé àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló ń dà wá láàmú. Ẹ ní sùúrù, kí n sọ bó ṣe kàn wá.

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ó ku àdúrà ìparí ká túká nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń wa bọ́ọ̀sì láti gáréèjì Utako lọ sí Èkó dìde sọ̀rọ̀. Ó ní bóun ṣe ń bọ̀ láti Èkó lọ́sẹ̀ náà, òun yà ní J4, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, láti kí àna òun tó ń dáko kòkó níbẹ̀. Òun ò bá a lóko mọ́. Erin ti lé e jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó gbìn sáàárín kòkó ti di ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ahéré rẹ̀ ti wó, ó ti kó ìyàwó àtọmọ wá sí ẹ̀bá títì. Ó ní àwọn àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ti ń dá owó jọ kí wọ́n fi bẹ ọdẹ, pé káwa náà láti Àbújá fi nǹkan ràn wọ́n lọ́wọ́, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ní èèyàn nínú igbó yẹn.

Kó tó jókòó, àwọn kan ti ń tọwọ́ bàpò. Màmá kan tó ń ta oúnjẹ ní gáréèjì ti fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà sórí tábìlì. Èmi ni mo ní ká dúró. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà wò, kí n wá jábọ̀. Inú bí àwọn kan sí mi. Wọ́n ní èèyàn ń sá fún ẹranko, alága ní òun fẹ́ ṣèwádìí. Ìjábọ̀ tí mo ṣèlérí rèé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ò dun èmi. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ti wà nínú igbó yẹn láti ọdún 1998.

Àwọn àgbà wa ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Igbó ọba Omo wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìjọba àwọn òyìnbó ló fòfin yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 1925, ó sì fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Lọ́dún 1977, àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Òun, igbó Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti igbó Shasha ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jọ pààlà ni. Láyé àtijọ́, igbó kan náà ni gbogbo wọn lójú erin. Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, agbègbè yìí ni erin tó ṣẹ́ kù pọ̀ sí jù, iye wọn ò sì tó 100. Ní gbogbo Nàìjíríà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìtọ́jú erin jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, iye tí wọ́n sọ ni pé ó kù bíi 300 sí 400, bẹ́ẹ̀ ó tó 1,500 ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pè é kó tó wọlé, torí ó di ìgbà tí wọ́n bá gun òkè kan lẹ́yìn oko kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé. Mo ní, "Ṣé lóòótọ́ ni erin ń lé yín?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò lé wa. Ó kàn ń kọjá ni, àwa la wà lọ́nà rẹ̀." Mo ní ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ báyìí. Ó ní ojú òun ni.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Nígbà tóun kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n kì í rí erin ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹrẹ̀ lọ. Èèyàn lè lo ọdún méjì kó má fojú kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí o bá jáde nínú oko rẹ, igbó dúdú lo máa wọ̀. Ní báyìí, bí o bá jáde nínú oko rẹ, oko ẹlòmíràn lo máa bá, bí o bá jáde nínú yẹn, oko mìíràn tún ni. Ó ní ọ̀nà tí àwọn erin ń gbà lọ sódò lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ahéré márùn-ún ló ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ni ti àna awakọ̀ wa.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Erin kì í rìn bí ewúrẹ́ tó kàn ń ṣáko kiri. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Abo tó dàgbà jù nínú agbo ló máa ń ṣáájú, òun ló sì mọ ibi tí omi wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí igi òro ti ń so, àti oṣù tí èso rẹ̀ ń já bọ́. Ìyá rẹ̀ ló fi hàn án, òun náà á sì fi han ọmọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣe ń wà lọ́wọ́ ìdílé erin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìwọ bá wá kọ́ ahéré sójú ọ̀nà náà lánàá, erin ò mọ̀ pé o ti sanwó ilẹ̀.

Oúnjẹ rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Erin tó dàgbà lè jẹ tó 150 kílò lóòjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ẹ mọ̀ pé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta nìyẹn, lójúmọ́ kan ṣoṣo. Omi tó ń mu lè lé ní 100 lítà. Ọ̀pọ̀ wákàtí ọ̀sán àti òru ló fi ń jẹun. Nígbà tí igbó pọ̀, á jẹ ewé níhìn-ín, á jẹ èèpo igi lọ́hùn-ún, á wá èso igi kiri. Ṣùgbọ́n bí igbó bá ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ó sì jáde lóru kan, tó wá bá ọ̀gẹ̀dẹ̀, pákí àti àgbàdo tí èèyàn gbìn sójú kan, tó rọ̀, tó dùn, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Akọ erin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ oko báyìí, òru ni wọ́n sì máa ń wá. Wọ́n mọ ìgbà tí irè oko gbó ju àwọn ọlọ́jà lọ.

Ta ló wá fọ́ igbó sí wẹ́wẹ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le, mi ò sì ní fi í bọpo bọyọ̀.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́, ìjọba ló ni ín, kì í ṣe ti òní nìkan. Wọ́n gé igi ńláńlá inú igbó náà, wọ́n sì fi igi melina rọ́pò rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an, torí pé wọ́n fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwópin rí igi lò. Igi melina dára fún pákó, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ erin bí igbó tó ní oríṣiríṣi igi eléso. Àwọn tó ń gbin igi fún ìjọba nígbà náà ló tún kọ́kọ́ mú àgbẹ̀ wọ inú igbó ọba. Wọ́n á gba àgbẹ̀ láyè kó gbin iṣu àti pákí sáàárín igi kékeré, kó máa bá wọn ro ó, nígbà tí igi bá sì ga, kó kúrò níbẹ̀. Àgbẹ̀ ò kúrò. Ṣé ẹ̀yin á kúrò? Ẹni tó ti bímọ síbẹ̀, tó ti sin bàbá síbẹ̀, níbo ni kó lọ? Bí àwọn abúlé bí Ajébáńdélé ṣe gbilẹ̀ nìyẹn, tí ilé ìjọsìn àti ọjà sì tẹ̀ lé wọn.

Àwọn agégedú tẹ̀ lé e. Àwọn kan níwèé, ọ̀pọ̀ ò ní. Ọ̀nà tí wọ́n là fún lọ́rì ìkógi ni àgbẹ̀ tuntun ń gbà wọlé. Ibi tí wọ́n bá ti gégi tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin kòkó sí. Àwọn tó wá láti Ọ̀ṣun, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti ìlú tó jìnnà jùyẹn lọ ló pọ̀ jù, torí oko kòkó bàbá wọn nílé ti gbó, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá. Àbúrò mi wà lára wọn. Nígbà tí kòkó nílé wa ní Gbọ̀ngán ò mú nǹkan gidi wá mọ́, ó ní òun ń lọ sínú igbó Ìjẹ̀bú. Èmi ni mo fún un lówó tó fi ra àdá àti oúnjẹ oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mò ń rin ìwádìí yìí, ó yé mi pé ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀. Ó sanwó ilẹ̀ fún ẹnì kan tó ní òun láṣẹ. Bóyá ẹni náà láṣẹ lóòótọ́, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Kí ìjọba ológun tó fòfin dá olú-ìlú Àbújá sílẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ilẹ̀ àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwárí, ni Utako yìí. Abúlé wọn ṣì wà láàárín wa níhìn-ín, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí i ká. Mi ò fi èèyàn wé ẹranko o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwa tá a jẹ́ àlejò níbí mọ bí ó ṣe rí kí onílẹ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjá, kó sì sọ fún ọ pé ọ̀nà oko bàbá òun nìyí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, inú bí mi. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ erin. Wọ́n tún là ọ̀nà márosẹ̀ gba àgbègbè igbó yẹn. Ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru; awakọ̀ wa tó dìde nípàdé náà wà nínú wọn. Ìdí mìíràn tún wà tí erin fi ń bínú, òun ni ìbọn. Ọdẹ tó bá yìn ín tí kò pa á, ó ti dá ọ̀tá sílẹ̀ fún gbogbo abúlé. Ọta ìbọn á wà lára ẹranko náà, ojú ọgbẹ́ á máa rà, ìgbà tó bá sì tún gbóòórùn èèyàn, kò ní dúró béèrè ẹni tó yìnbọn. Erin kì í tètè gbàgbé. Abo tó bá sì ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ má sún mọ́ ọn rárá, ì báà jẹ́ pé ẹ ò mú igi kankan lọ́wọ́. Oṣù 22 ló fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ló sì máa ń bí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó bá pa erin mẹ́ta lọ́dún kan nínú agbo kékeré ti pa agbo náà.

Èèyàn náà ń kú. Kò yẹ kí n fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé mo fẹ́ gbèjà ẹranko. Láàárín ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ará Itasin àti agbègbè Ìmọ̀bì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú, ti ké gbàjarè lórí erin tó ń wọ oko wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí lè já sí, kó wo Sri Lanka lápá Éṣíà. Lọ́dún 2023 nìkan, ju èèyàn 150 lọ ni erin pa níbẹ̀, àwọn èèyàn náà sì pa erin tó lé ní 400. Orílẹ̀-èdè yẹn ò tó ìdá mẹ́wàá Nàìjíríà ní fífẹ̀.

Nítorí náà, owó ọdẹ ńkọ́? Èmi ò ní fọwọ́ sí i, ìdí mi sì rèé. Àkọ́kọ́, òfin ilẹ̀ yìí láti ọdún 1985 ti ka pípa erin àti títa eyín rẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tó bá dáwó fún un àti ẹni tó yìnbọn, wọ́n jọ jẹ̀bi ni. Ẹ rántí pé ní Àbújá wa níbí, ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ lọ eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò rẹ̀ kúnná. Ó lé ní tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀, iye owó rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Ìjọba tó lè fi owó bẹ́ẹ̀ ṣe lẹ́búlẹ́bú kò ní ṣàánú àgbẹ̀ tí wọ́n bá bá òkú erin lóko rẹ̀. Ìkejì, ọdẹ tí wọ́n bá bẹ̀ kì í dúró lórí erin tó ba oko jẹ́. Eyín ni yóò máa wá kiri. Láyé àtijọ́, eyín erin ni àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀wọ̀ fi ń gbẹ́ ohun èlò ọba, ìlú ló ń ṣe yangàn. Lónìí, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e lọ sí Éṣíà, àgbẹ̀ kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ìkẹta ló dùn mí jù. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pa ọ̀kan, èkejì á wá, torí ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n bóyá ohun mìíràn wà tí èèyàn lè ṣe. Ó wà, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ní Yankari, ìpínlẹ̀ Bauchi, erin ọ̀dàn ni wọ́n ní. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kà wọ́n lọ́dún 2006, wọ́n lé ní 300. Ní báyìí, bíi 100 ló kù. Láti ọdún 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti àjọ WCS ti jọ ń ṣọ́ wọn. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn àwọn erin kan kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì yan àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí yóò máa figbe ta nígbà tí erin bá ń bọ̀, kí wọ́n lè dá a padà kó tó dé inú ọkà. Ní Kenya, wọ́n ń so ilé oyin mọ́ wáyà yí oko ká. Bí erin bá fara kan wáyà náà, oyin á jáde, erin á sì yà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Awọ erin nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oyin mọ ojú àti inú ọwọ́jà rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn erin tó dé ìdí wáyà náà ni kì í kọjá, àgbẹ̀ á sì tún rí oyin tà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé oyin tí oyin ti sá kúrò nínú rẹ̀ kò wúlò, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà ọ̀dá, oyin máa ń sá. Àwọn mìíràn ń fi ata lílọ̀ po ìgbẹ́ ẹranko, wọ́n á sun ún kí èéfín rẹ̀ máa rú. Erin kórìíra òórùn ata. Ata sì wà lọ́wọ́ wa, a ò ní lọ sí Kenya lọ rà á.

Gbogbo ìyẹn jẹ́ ti oko tó ti wà nílẹ̀. Ti ọ̀nà erin, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan ló lè yanjú rẹ̀: kí wọ́n sọ ibi tí àgbẹ̀ lè dúró sí àti ibi tí kò lè dúró sí, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá máa kúrò lórí ọ̀nà ní ilẹ̀ mìíràn. Kí wọ́n má kàn fi katakata wó ahéré, kí wọ́n sì pa agégedú tì. Mo ti rí irú ìwólulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Àbújá yìí, mi ò fẹ́ ẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí màá gbé wá sípàdé tó ń bọ̀ nìyí. Kí owó tá a bá dá jẹ́ ti oúnjẹ fún àwọn tó wà lẹ́bàá títì, tọ́ọ̀ṣì ńlá, àti àpò ata gbígbẹ. Kí a sì kọ lẹ́tà kan, lórúkọ ẹgbẹ́, sí ìjọba ìpínlẹ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì tí màmá wa fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Mo ti sọ fún màmá pé bí wọ́n bá fẹ́ ẹ padà, kí wọ́n wá gbà á. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ, àmọ́ kí n ṣe kíá, torí ebi ò mọ ìwádìí.

Àbúrò mi tún pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní wọ́n tún wá, mẹ́rin, ọ̀kan kékeré láàárín wọn. Ó wà nínú ahéré, ó pa àtùpà, ó di ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mú. Wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù, wọn ò fọwọ́ kan kòkó, wọ́n sì gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ sódò. Mo bi í bóyá ó máa tún ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbìn. Ó ní òun ti ro ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò tíì mọ ohun tóun máa fi sí i.